Ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹ̀jẹ̀ ríru, tí àwọn mìíràn ń pè ní tánsíọ̀n, kì í pariwo. Ènìyàn lè ní in fún ọdún púpọ̀, kí ó máa lọ sí oko, kí ó máa ná ọjà, kí ohunkóhun má sì dùn ún. Lọ́jọ́ kan, apá kan ara rẹ̀ lè rọ lójijì. Ọkàn rẹ̀ tàbí kídìnrín rẹ̀ lè bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ara yín le, ẹ kò ní in. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n.

Bí dókítà bá ti sọ pé ẹ ní in, ẹ lè máa wọ̀n ọ́n nílé pẹ̀lú. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Èyí tí a ń so mọ́ apá, lókè ìgbúnwọ́, dára ju ti ọrùn ọwọ́ lọ. Bí owó kò bá tó, ìdílé tàbí ẹgbẹ́ yín lè dá owó jọ ra ẹyọ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà kà, ẹ ó lè ka ohun tí ẹ̀rọ náà ń kọ. SYS ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá tì í jáde. DIA ni ti ìgbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀. Nọ́ńbà kẹta ni iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan.

Ohun kan wà tí ó máa ń da ènìyàn rú. Ní ilé ìwòsàn níhìn-ín, ẹ lè gbọ́ "14 lórí 9". Ẹ̀rọ yín yóò kọ 140 àti 90. Ẹ má fòyà, ohun kan náà ni. Nílé, bí ti òkè bá ń jẹ́ 135 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lemọ́lemọ́, tàbí tí ìsàlẹ̀ ń jẹ́ 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ sọ fún dókítà.

Ṣùgbọ́n bí a kò bá wọ̀n ọ́n dáadáa, irọ́ ni ẹ̀rọ yóò pa. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu kọfí tàbí sìgá, ẹ dúró fún ìdajì wákàtí. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Ẹ gbé apá lé tábìlì, kí ó bá àyà dọ́gba. Kí aṣọ má sí lábẹ́ ohun tí ẹ so. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀méjì láàárọ̀, lẹ́ẹ̀méjì nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ 7 kí ẹ tó lọ rí dókítà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí.

Tẹlifóònù náà wúlò. Ẹ jẹ́ kí ó máa dún ní àkókò oògùn. Bí ìyá yín bá wà ní abúlé lẹ́bàá Kétu, tí ẹ̀yin sì wà ní Àjàṣẹ́, ọmọ ilé lè ya àwòrán nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí yín. Àwọn kan ń sọ pé tí a bá fi ìka lé tẹlifóònù, yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá oògùn dúró nígbà tí nọ́ńbà bá wálẹ̀. Ewu ńlá ni. Oògùn náà ni ó mú un wálẹ̀! Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò tún gòkè. Dókítà nìkan ni kí ó yí i padà. Ẹ dín iyọ̀ àti màgí kù nínú ọbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ẹ bá rí 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dun ènìyàn, tí kò lè mí dáadáa, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tàbí tí apá rẹ̀ kan kò lè gbéra, ẹ má dúró wọn ohunkóhun. Ẹ wá ọ̀kadà tàbí ọkọ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru.