Pápá Ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn àti Orúkọ Rẹ̀

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ pápá ìṣeré ńlá sí ẹ̀bá Ring Road ní Ìbàdàn ní ọdún 1960, òmìnira Nàìjíríà ni ilé tí wọ́n wò, wọ́n sì pè é ní Liberty. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè wa kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹnu àwọn ará ìlú fi sọ ọ́ di Líbátì.

Ní ọjọ́ 10 oṣù August 1963 ni orúkọ yìí kàn dé òkè òkun. Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Ìgbò, ti gba ipò kìíní lágbàáyé lọ́wọ́ Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní San Francisco ní ọdún 1962. Wọ́n tún pàdé ní Las Vegas, wọ́n sì ta ọ̀mì. Ìjà kẹta ni Ìbàdàn gbà lálejò. Nígbà tí abala keje parí, Fullmer kò jáde fún ìkẹjọ mọ́.

Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù ni ó sọ pápá náà di ti àwọn ará ìlú. Ìgbà Líbátì ni ìgbà IICC Shooting Stars, ẹgbẹ́ Muda Lawal àti Segun Odegbami, tí ó gba ife Áfíríkà ní ọdún 1976: góòlù 4 sí 1 ni wọ́n fi lu Tonnerre ti Yaoundé nílé, kí àwọn yẹn tó gba 1 sí 0 lọ́hùn-ún. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tí ó ti gba irú ife bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà. Ní 1980 ẹ̀wẹ̀, Líbátì ni Ghana, tí ife Áfíríkà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti já kúrò nínú ìdíje. Lónìí, Adámásingbà, tí kò jìnnà sí Jericho, ni Shooting Stars ti ń gbá tiwọn.

Ní ọdún 2010, nígbà tí pápá náà ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, Ààrẹ Goodluck Jonathan fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ rọ́pò Liberty. Ta ni yóò sọ pé kò tọ́ sí i? Òun ni olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn títí di òpin ọdún 1959. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, Ìwọ̀-Oòrùn tí ó bí ọmọ ni ó ti sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ kejì ti Abúja wá. Ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀ láti Dùgbẹ̀, Líbátì ni yóò dárúkọ fún awakọ̀.