Ààfin Tó Mọ́ Jù: Bí Ọba Kòríà Ṣe Dé Ṣọ́ọ̀bù Onídìrí ní Ìkẹ́rẹ́

Òjò ló kó gbogbo wa jọ sínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì lọ́jọ́ Sátidé kan. Èmi wá dirí. Bàbá àgbàlagbà kan tẹ̀pá wọlé kí òjò má baà pa á. Obìnrin méjì tó ń bọ̀ láti ọjà náà sáré wọlé tọ̀ wá, ọ̀kan ará Ìsẹ̀, èkejì ará Èmùré. Ọmọ iṣẹ́ tó ń dì mí lórí ti gbé fóònù rẹ̀ ti ìgò ìpara irun lábẹ́ dígí. Ìka rẹ̀ ń la irun, ó ń ṣà á, ó ń dì í, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù. Goong ló ń wò, eré Kòríà tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Princess Hours. Ọmọbìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó wọ ṣòkòtò eré ìdárayá sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé. Àwọn àgbà ààfin ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba, bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Bàbá wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ mi, ilé ta nìyí?"

"Ààfin ni, bàbá. Ààfin ọba Kòríà."

Bàbá mirí. "Ọba kankan kò gbé ibẹ̀. Ó mọ́ jù. Ulé tí ọba wà, o óò rí ẹni tó wá fẹjọ́ sùn, o óò rí ewúrẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ọmọdé á máa sáré kiri. Ọba àwọn wọ̀nyí ti tán. Wọ́n ń fi ojú inú wá a ni."

Ọmọ iṣẹ́ náà bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni bàbá sọ, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ló fi rí i.

Ìtàn wọn kò gùn ní sísọ. Ìdílé Yi jọba ní Kòríà láti 1392, Jàpáànù gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn ní 1910, òmìnira dé ní 1945, nígbà tó sì di 1948, ààrẹ ni Kòríà Gúúsù yàn, wọn kò wá ọba mọ́. Àwọn ààfin ńláńlá tó wà ní Seoul di ibi tí èèyàn ń sanwó wọ̀ láti wòran. Abájọ tí wọ́n fi mọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Goong bí jáde: ká ní adé kò bọ́ ńkọ́? Obìnrin kan tó ń fi àwòrán sọ ìtàn, Park So-hee, ló kọ́kọ́ ro ó nínú ìwé. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n MBC wá sọ ọ́ di eré apá 24, láti ọjọ́ 11 oṣù January títí di ọjọ́ 30 oṣù March ọdún 2006. Yoon Eun-hye ṣe ọmọbìnrin náà, Ju Ji-hoon sì ṣe Shin, àrẹ̀mọ ọba. Ara ọba kò yá, wọ́n fẹ́ kí àrẹ̀mọ tètè gbéyàwó. Ọba tó ti wàjà sì ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dá májẹ̀mú láyé pé ọmọ-ọmọ ọ̀rẹ́ náà ni yóò di aya ọmọ-ọmọ òun. Gbèsè ti wọ ilé àwọn òbí ọmọbìnrin náà. Àrẹ̀mọ ti ní ẹni tó fẹ́, ṣùgbọ́n olólùfẹ́ rẹ̀ yẹn yan ijó tó ń kọ́, kò yan ààfin. Báyìí ni wọ́n ṣe fa ọmọ tálákà tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà wọ ilé ọba, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré níbi tí wọ́n ti ń rìn, tó ń rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń dákẹ́. Lópin apá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á to bèbí béárì kéékèèké kalẹ̀ láti fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn, bí ọmọdé ṣe ń fi bèbí ṣe ilé.

Eré ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù July 2005, nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé òkú Yi Ku láti Tokyo wá sí Seoul. Bàbá rẹ̀ ni àrẹ̀mọ ìkẹyìn tí Kòríà ní, ẹni tí Jàpáànù mú lọ nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Yi Ku kàwé ní Amẹ́ríkà, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé, ó sì fẹ́ Julia Mullock, ọmọ Amẹ́ríkà. Ní 1963, wọ́n jọ kó wá sí Seoul, wọ́n sì gbé nínú ààfin Changdeokgung. Àwọn méjèèjì kò bímọ. Àwọn àgbà ìdílé ní ilé ọba kò gbọdọ̀ ṣófo, wọ́n ń rọ̀ ọ́ lọ́tùn-ún, wọ́n ń rọ̀ ọ́ lósì pé kó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1982, wọ́n kọ ara wọn. Yàrá hótẹ́ẹ̀lì kan ní Tokyo ni Yi Ku kú sí, kò sì sí ọmọ tó bí tó fi sáyé.

Mo sọ ìtàn yìí nínú ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin ará Ìsẹ̀ pòṣé, ó ní, "Tí adé bá ti lọ, kí ló tún kù tí wọ́n ń bá a fà?" Bàbá dá a lóhùn pé, "Orúkọ ló kù. Orúkọ wúwo ju adé lọ."

Ibi tí ìjà ti wá bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí mo ti béèrè pé báwo ni eré Kòríà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa gan-an.

Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní òun ni kí wọ́n bi. Ó ní Jewel in the Palace ló ṣílẹ̀kùn, ìtàn ọmọbìnrin tó ń dáná ní ilé ìdáná ọba tó wá di oníṣègùn ààfin. Ó ní ilé àǹtí òun ní Àkúrẹ́ ni òun wà nígbà náà, pé tí ó bá ti tó àkókò, ìkòkò ọbẹ̀ lè jóná lórí ààrò, ẹnikẹ́ni kò ní dìde. Tí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, àǹtí á kígbe bí ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀. Wọ́n á sáré gbé epo wá, wọ́n á fa jẹnẹrétọ̀, kó tó gbá, apá ọjọ́ náà á ti parí.

Obìnrin ará Èmùré ní irọ́ ni. Ó ní àwọn ọkùnrin ló kọ́kọ́ jìn sí i, Jumong ló sì mú wọn. Jumong ni ìtàn akọni tó tẹ ìjọba Goguryeo dó láyé àtijọ́, ó lé ní apá 80. Ó ní ní àdúgbò àwọn, ọkùnrin kan tó ní jẹnẹrétọ̀ máa ń gba náírà mẹ́wàá lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wò ó, pé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn á wá fi igi gbẹ́ ọfà, wọ́n á máa ta á mọ́ ara wọn nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, títí ọfà fi bá adìyẹ ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ fi di ti baálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé ọkùnrin tó ń gbé fíìmù sórí mẹ́mọ́rì káàdì ní òdìkejì títì fi sáré kọjá nínú òjò wá bá wa. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú, àwa oníṣòwò ló mú un wá." Ó ní láti Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni ọ̀gá òun ti ń ra CD wọ Ìkẹ́rẹ́, odidi eré nínú CD méjì tàbí mẹ́ta, àwòrán ń fò, ọ̀rọ̀ Òyìnbó abẹ́ rẹ̀ kò sì bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu. Síbẹ̀ wọ́n ń rà á. Lẹ́yìn CD ni flash dé, lẹ́yìn flash ni mẹ́mọ́rì. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ ló ń rà á jù nísinsìnyí, pé eré ìfẹ́ tó bá ní ààfin nínú kì í pẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ìyá onídìrí ní, "Ṣé ìwọ ti wà láyé nígbà Jewel?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Bàbá ló parí ẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó mú un wá nínú wọn. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, eré tíátà ni àwọn máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ wò. Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní 1963, wọ́n gbé e títí dé Berlin. "Ojú wa ti ń wá inú ààfin tipẹ́. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn ààfin fún wa, ẹ̀yìn rẹ̀ la máa tẹ̀ lé." Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, mo sì gbà á gbọ́. Òótọ́ ni pé Kòríà ṣí ilé àṣà rẹ̀ sí Àbújá ní 2010, òótọ́ ni pé tẹlifíṣọ̀n àti CD ṣiṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ òjò ni ó ń mu ún.

Nítorí kí ni ó ṣe àjèjì sí ọmọ Èkìtì nínú Goong? Ọmọ tí wọ́n ti fi fún ọkọ kó tó gbọ́n? Àwọn ìyá wa àgbà rí i. Ilé méjì lórí adé kan? Nínú eré náà, Yul, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọba, ni adé ìbá tọ́ sí ká ní bàbá rẹ̀ kò kú. Bí ó ṣe padà dé ni ọkàn ààfin kò balẹ̀ mọ́. Ní Ìkẹ́rẹ́ tiwa, ìtàn ọdẹ tó ti Benin wá, tí ìran rẹ̀ di Ògògà, àti ìtàn Olúkẹ́rẹ́ tó ń bọ òrìṣà Olósùnta, kò tíì dákẹ́ títí dòní. Ta ló kọ́kọ́ dé, ta ló ni adé, ọ̀rọ̀ náà ti dé iwájú ìjọba, ó ti dé ilé ẹjọ́. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, bàbá gbé ọwọ́ sókè: "Èyí kì í ṣe eré. Ẹ fi í sílẹ̀." A fi í sílẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa tí ọba wa wà láàyè, tí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ààfin, a kò sọ ìtàn inú ààfin fún àwọn ọmọ wa bí ìtàn èèyàn. Nínú fíìmù tiwa, ọba a máa jagun, ọba a máa jẹ èpè. Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999 kọ́ wa pé ọba lè da ìlú, ẹ̀kọ́ ńlá ni. Seven Doors tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣe ní 2024 fi ọba tó fẹ́ ọmọ Ìgbò hàn wá, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ baba ńlá ni kò jẹ́ kí ọkọ àti ìyàwó simi. Níbo ni olorì ti ń rẹ́rìn-ín? Níbo ni ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ààfin ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí Kábíyèsí, tó ṣì í, tí ìyá àgbà sì fà á létí? Ọmọ wa ní láti lọ sí Kòríà kó tó rí i.

Bẹ́ẹ̀ ẹnìkan ti gbẹ́ ẹ sára igi fún wa. Ọlọ́wẹ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó fi Ìsẹ̀ ṣe ilé, tó gbẹ́gi fún Arínjalẹ̀, ọba ibẹ̀, wá sí ààfin Ògògà láàrin 1910 sí 1914. Ọdún tí adé bọ́ lórí ọba Kòríà gan-an ni òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin Ìkẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ ọ̀bẹ rẹ̀. Ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan pẹ̀lú, tí Ògògà jókòó sí lápá kan, tí ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó ń bọ̀ lápá kejì, tí wọ́n gbé e sínú àga ìrọ̀gbọ̀kú. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924. Àwọn Òyìnbó fẹ́ rà á, Ògògà kò tà. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọba, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn dípò. Ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù.

Òpó ni mo fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ náà rí. Mo wá àwòrán rẹ̀ sórí fóònù mi. Ó dá Goong dúró, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ọba jókòó, ẹyẹ wà lórí adé rẹ̀, aya kan kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Àgbà olorì dúró lẹ́yìn ìtẹ́, ó ga ju ọba lọ fíìfíì, ọrùn rẹ̀ gùn, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára ìtẹ́ bí ẹni pé òun ló gbé e ró. Mo ní àgbà olorì ló ń gbé adé lé ọba lórí, pé ẹyẹ yẹn ni agbára àwọn ìyá.

Ọmọ náà fi ìka méjì fẹ ojú olorì, ó wò ó. Mo lérò pé gbogbo ohun tí Goong ń sọ láti apá kìíní dé apá 24 wà lójú obìnrin yìí: ìfaradà, ìgbéraga, ìfẹ́ tí kò lè pariwo. Èrò tèmi nìyẹn, igi kò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí bí ọmọ náà ṣe ń wò ó, mo mọ̀ pé kò wò ó bí ère.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé ó ṣì wà ní ààfin? Tí òjò bá dá, ṣé a lè lọ wò ó?"

Mo ní, "Rárá. Chicago ló wà, ní Amẹ́ríkà."

Ó dá fóònù mi padà, ó gbé tirẹ̀ ti ìgò ìpara. "Ó jìnnà bíi Kòríà nìyẹn."

Bàbá dìde, ó na ọ̀pá rẹ̀ síta láti wò bóyá òjò ti dá.