Àwòrán tòótọ́, orúkọ òdì: Lọ́ńdọ̀nù tí Hollar fín sára bàbà



Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Peckham, bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì dé London Bridge, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, Southwark Cathedral. St Mary Overie ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Láti orí ilé gogoro rẹ̀ ni Wenceslaus Hollar, ọmọ ìlú Prague, ti wo Lọ́ńdọ̀nù tó sì yà á. Ní 1647, wọ́n tẹ àwòrán náà jáde ní Amsterdam: abala mẹ́fà tí wọ́n tò mọ́ra, odò Thames, afárá, ọkọ̀ ojú omi àti òrùlé lọ́kan-ò-jọ̀kan.

Ní 1666, iná ńlá jó ìlú náà. Nǹkan bí ilé 13,200 àti ṣọ́ọ̀ṣì 87 ló bá a lọ. Àwòrán Hollar wá di ẹlẹ́rìí ohun tó ti pòórá.

Báwo ló ṣe ṣe é?

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fín igbá nílé á tètè lóye rẹ̀. Wọ́n á fi ìda bo páànù bàbà pẹlẹbẹ, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sínú ìda náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da ásíìdì lé e. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti há ìda kúrò nìkan ni ásíìdì máa jẹ. Wọ́n á yọ ìda, wọ́n á fi yíǹkì pa bàbà náà, wọ́n á nù ún, kí yíǹkì ṣẹ́ kù sínú ojú ìlà nìkan. Bébà tútù àti ẹ̀rọ tó wúwo ló máa fa yíǹkì yẹn jáde. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo máa yí padà bí ìgbà tí èèyàn wo dígí: ọ̀tún á di òsì. Nítorí náà, òdì ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Ilé róbótó méjì wà ní bèbè odò nínú àwòrán náà. Ọ̀kan ni Globe, ilé eré Shakespeare àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èkejì ni ilé tí wọ́n ti ń fi ajá bá béárì jà. Hollar fi orúkọ tèkíní pe tèkejì! Àlàyé tí àwọn olùwádìí ń ṣe ni pé ó ti kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1644. Ìlú Antwerp ló wà nígbà tó ń fín bàbà, inú àwòrán tó ti yà sílẹ̀ ló sì ti ń wò ó. Nǹkan bí àkókò yẹn náà ni wọ́n wó Globe.

Ṣé ká wá da àwòrán náà nù? Rárá o. Ẹ wo ti Claes Visscher, tó jáde ní 1616. Ó gùn ju mítà méjì lọ, ó sì rẹwà gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kí Visscher má tẹ Lọ́ńdọ̀nù rí. Globe tirẹ̀ ní igun; ti Hollar rí róbótó. Ti Visscher lórúkọ tó tọ́, ti Hollar ló fojú rí i.

John Orrell mú àwòrán tí Hollar fi pẹ́ńsù yà lójú ibẹ̀, tó wà ní Yale Center for British Art báyìí, ó sì ṣírò ìwọ̀n Globe: nǹkan bí mítà 30 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ní 1989, àwọn awalẹ̀pìtàn rí apá kan ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní Park Street. Globe tuntun tí wọ́n ṣí ní 1997 jàǹfààní ìṣirò yìí. Ká ní orúkọ nìkan ni wọ́n tẹ̀ lé ni, ilé béárì ni wọn ì bá kọ́ fún Shakespeare!

Àwa tí à ń kọ kóòdù, ojoojúmọ́ la ń bá irú èyí pàdé. Dátà lè péye kí orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ṣì jẹ́ òdì. AI tí wọ́n fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní jiyàn. Á kàn máa tún un sọ ni. Fọ́tò àtijọ́ ìlú wa tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù òkè òkun náà ńkọ́? Ẹnì kan ló kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀, ó sì lè má jẹ́ ẹni tó débẹ̀. Ẹ fi han àwọn àgbà ilé kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.