A Kì Í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá: Ọ̀rọ̀ Bíréèkì Ẹ̀yìn Àwọn Ògbólógbòó Lọ́rì

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n bí a bá wo iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe lára àwọn ògbólógbòó lọ́rì tí ń kó ẹrù àti ènìyàn kiri ìlú wa, a ó rí i pé làpálàpá ni wọ́n ń pa. Bíréèkì ẹ̀yìn kò mú mọ́, wọ́n pààrọ̀ láínìn. Oṣù kan kò pé, kò tún mú mọ́, wọ́n tún pààrọ̀ láínìn. Wọn kò bèèrè ibi tí òróró tí ó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti wá. Èrò tiwa ni pé bíréèkì ẹ̀yìn àti bẹ́árìn áàsù jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, àti pé ẹni tí ó bá tún ọ̀kan ṣe tí ó fi èkejì sílẹ̀ kò tí ì ṣe nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ́tò nìkan. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan subú ní afárá Òtẹ́dọlá ní Èkó, iná sọ, ọkọ̀ tí ó jóná lé ní 50, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àìmú bíréèkì ni a gbọ́ pé ó fà á. Àwọn tí iná náà jó kọ́ ni ó ni ọkọ̀ agbépo, wọn kò wà á, wọn kò sì tún un ṣe. Ọ̀nà ni wọ́n bá ara wọn pàdé. Nítorí náà ẹnikẹ́ni tí ó bá ń rin ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè bí a ti ń tọ́jú ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn òun.

A kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó. Bọ̀lẹ̀kájà Bedford ni ó kó kòkó àwọn baba wa dé ọjà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mercedes 911 gba ipò, títí di òní olónìí a sì ń rí i tí ó ń ru yanrìn, pákó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ogbó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àìtọ́jú ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti to nǹkan náà. Nínú áàsù ẹ̀yìn irú lọ́rì bẹ́ẹ̀, ọ̀pá irin gígùn kan wà ní ọ̀tún, òmíràn wà ní òsì, àwọn ni wọ́n ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ara táyà. Ọ̀pá yìí kò ru ẹrù. Yíyí ni iṣẹ́ tirẹ̀. Họ́ọ̀bù ni ó ru ẹrù, orí bẹ́árìn méjì ni họ́ọ̀bù sì ti ń yí, ọ̀kan ní inú, ọ̀kan ní òde. Lẹ́yìn bẹ́árìn ti inú ni ọ́ìlì síìlì wà, tí ètè rọ́bà rẹ̀ ń ṣọ́nà kí òróró áàsù má bàa ṣàn wọ inú dúróòmù. Nínú dúróòmù ni bíréèkì wà: irin méjì tí a tẹ̀ bí ìlàjì òrùka, tí a fi láínìn bo ẹ̀yìn wọn, sìlíńdà kékeré tí ń tì wọ́n síta, àti súpíríǹgì tí ń fà wọ́n padà. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, òróró inú páìpù a ti sìlíńdà, sìlíńdà a ti láínìn mọ́ dúróòmù, ìfarakanra wọn a sì sọ eré ọkọ̀ di ooru, títí ọkọ̀ yóò fi dúró.

Wàyí o, níbi tí bẹ́árìn bá ti jẹ, họ́ọ̀bù a máa mì. Bí họ́ọ̀bù bá ń mì, ètè síìlì a bàjẹ́. Bí síìlì bá bàjẹ́, òróró a rin láínìn; láínìn tí òróró bá sì ti rin kò lè di nǹkan kan mú. Ta ni kò rí i nísinsìnyí pé bẹ́árìn ni ẹ̀tẹ̀, tí láínìn sì jẹ́ làpálàpá?

Àmì kò ṣọ̀wọ́n fún awakọ̀ tí ó bá lajú. Ọkọ̀ tí ó ń fà sí apá kan nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, ìró tí ń kùn láti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, họ́ọ̀bù kan tí ó gbóná ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ, òróró tí ó ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ inú táyà: ìkìlọ̀ ni gbogbo wọn. Kí a sì mọ òróró yàtọ̀ sí òróró. Ti áàsù a máa ki, òórùn rẹ̀ a sì máa le. Bí òun ni a bá rí, síìlì ni kí a fura sí. Ti bíréèkì a máa ṣàn bí omi, ó sì lè bó ọ̀dà. Bí òun ni a bá rí, sìlíńdà ni ó ń jò.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà, kí a fi igi di táyà iwájú, kí a sì gbé áàsù lé ìdúró tí ó lágbára. Jáàkì nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá wọ abẹ́ lọ́rì tí jáàkì nìkan gbé ró ti fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Bí a bá ti tú ọ̀pá áàsù, nọ́ọ̀tì àti họ́ọ̀bù kúrò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú dúróòmù. Asbestos lè wà nínú láínìn àtijọ́, eruku rẹ̀ a sì máa fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tí ó lè fi ara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó hàn. Omi ni kí a fi rin eruku náà kí a tó nù ún. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí àwọn ni wọ́n máa ń ní kí ó nu dúróòmù.

Láínìn tí òróró ti rin, kí a sọ ọ́ nù. Àwọn kan a máa da epo bẹntiróòlù sí i, wọn a sì ti iná bọ̀ ọ́ kí ó lè gbẹ. Ẹ̀tàn ni. Òróró ti wọ inú rẹ̀ lọ. Bí bíréèkì bá gbóná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n Alààyè, yóò tún sun jáde. Ọ̀tún àti òsì ni kí a sì pààrọ̀ pọ̀, kí ọkọ̀ má bàa fà sí ibì kan. Dúróòmù tí ó bá sán, tàbí tí ó ti fẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí olùṣe gbà láàyè, kò tún wúlò mọ́.

Kí a fi kẹrosíìnì fọ bẹ́árìn, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a sì wò ó ní ojú ọ̀sán gangan. Bí ihò wẹ́wẹ́ bá wà lára rẹ̀, tàbí tí ooru ti sọ ọ́ di aláwọ̀ búlúù, kí a pààrọ̀ òun àti àwo rẹ̀ pọ̀. A kì í fi tuntun lé orí àwo àtijọ́. Síìlì tuntun ni kí a lò nígbà gbogbo, kí ètè rẹ̀ kọjú sí òróró. Nígbà tí a bá ń fún nọ́ọ̀tì, kí a máa yí họ́ọ̀bù, kí a fún un títí yóò fi wúwo, kí a wá dẹ̀ ẹ́ padà níwọ̀n tí olùṣe sọ, kí a sì tì í pa. Bí ó bá fún jù, bẹ́árìn a jóná. Bí ó bá dẹ̀ jù, a tún ti padà sí ẹsẹ̀ àárọ̀.

Ohun kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Lórí áàsù ni ihò ìmí kan wà. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, atẹ́gùn inú áàsù yóò gbóná, yóò fẹ̀, kò ní rí ọ̀nà jáde, yóò sì ti òróró gba ẹnu síìlì kọjá, bí síìlì náà tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Ẹni tí kò bá la ihò yìí yóò máa ra síìlì títí láé.

Ó ku òróró bíréèkì. Òróró tí a ń pè ní DOT 3, nígbà tí ó ṣì jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nígbà tí ó bá sì ti fa omi dé ìwọ̀n kan, ó lè hó ní 140. Omi lásán a máa hó ní 100. Nítorí náà ẹni tí ó bá da omi ọṣẹ sínú ìgò bíréèkì ti sọ bíréèkì di oruku omi: yóò hó, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò sì rì dé ilẹ̀ lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá di páìpù ẹsẹ̀ tí ń jò pa, tí ó ní kí awakọ̀ máa fi ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù lọ. Kí a tún sìlíńdà ṣe, kí a lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù, kí a sì dán ọkọ̀ wò láìsí ẹrù kí ó tó bọ́ sí títì.

Ẹ̀yin olówó ọkọ̀, ọ̀dà tuntun àti àkọlé mèremère kì í dá ọkọ̀ dúró. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ fi iṣẹ́ tí a kò sanwó rẹ̀ pé sílẹ̀, ẹ má ṣe é lábọ̀. Ẹ̀yin tí ń háyà lọ́rì kó èrò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àti ibi ìnáwó, ẹ bèèrè bíréèkì kí ẹ tó bèèrè iye owó. Ẹ̀yin olùkọ́ sì ní ẹ̀kọ́ pípé níhìn-ín fún àwọn ọmọ yín nípa ìfarakanra, ooru àti òróró tí kò ṣe é tẹ̀ pọ̀, nínú ohun tí ń kọjá ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́.

Igi gańgan má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Síìlì kan kò wọ́n tó ìsìnkú kan. Kí olúkúlùkù ẹni tí ọkọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lọ wo ẹ̀gbẹ́ inú táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú.