Ẹ̀fọ́rí Tó Ti Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wá: Ibi Tí Ìtọ́jú Ilé Dé, Ibi Tó Yẹ Kó Dúró

Ẹ fi ìka méjì lé ẹ̀bátí yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá fi eyín òkè tẹ ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ohun kan yóò wú sókè lábẹ́ ìka náà. Ẹ tú eyín sílẹ̀, yóò rọlẹ̀. Iṣan ni. Ọ̀kan nínú àwọn iṣan tí a fi ń jẹun ni, ó ti ara párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ gòkè dé ẹ̀gbẹ́ orí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti rẹ̀ fi lè di ẹ̀fọ́rí, tí ènìyàn á di orí mú nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló mọ ẹ̀fọ́rí yìí láìmọ orúkọ rẹ̀. Láti Laurel dé Lanham, láti Bowie dé Upper Marlboro, ẹ óò rí nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú arúgbó àti awakọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ẹni tó fi gbogbo òru gbé aláìsàn dìde, tó wá bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Beltway, òpópónà tó yí Washington ká, láàárọ̀, lè délé kó tó mọ̀ pé eyín òun kò tíì kúrò lára ara wọn láti ìgbà tí òun ti ṣí ọkọ̀. Á ní, "Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀já di orí mi pinpin." Àpèjúwe yẹn gan-an ni àwọn dókítà fi ń dá a mọ̀.

Irú ẹ̀fọ́rí wo nìyí?

Tension-type headache ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìhà méjèèjì orí ló sábà máa ń mú. Fífún ló ń fún orí, kì í lù kì-kì-kì, rírìn kiri kì í sì í dá kún un. Ó lè lo ìṣẹ́jú 30, ó sì lè lo ọjọ́ 7. Túúlu ní tirẹ̀ sábà máa ń mú ìhà kan, á máa lù bí ìlù, èébì á máa gbé ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ni í lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2021, oríṣiríṣi àìsàn ẹ̀fọ́rí bá nǹkan bí bílíọ̀nù 3.1 ènìyàn fínra, ìyẹn ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Oríkèé tó so párì mọ́ agbárí wà níwájú etí, ìrora tó bá sì jẹ mọ́ oríkèé yìí tàbí àwọn iṣan rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní TMD. Nínú ìròyìn tí National Academies, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù 11.2 àgbàlagbà Amẹ́ríkà ni irú ìrora bẹ́ẹ̀ wà lára wọn, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù. Bí oríkèé náà bá kàn ń dún lásán nígbà tí ẹ bá la ẹnu, tí kò dun yín, kò nílò ìtọ́jú.

Ìwádìí ńlá kan tó ń jẹ́ OPPERA, tí Yunifásítì Maryland ní Baltimore wà lára ibi mẹ́rin tí wọ́n ti ṣe é, fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ju eyín lọ. Oorun àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ kí ìrora ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dé bá wọn. Másùn-máwo àti ìrora níbòmíràn lára náà máa ń ṣílẹ̀kùn fún un. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru tó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dun òun kò ṣàṣejù rárá.

Ohun tí a lè ṣe nílé

Ìsinmi ni àkọ́kọ́. Bí a kò bá jẹun, eyín kò yẹ kó kan ara wọn. Ẹ pa ètè dé, ẹ jẹ́ kí eyín là díẹ̀, kí ahọ́n sinmi lókè ẹnu. Ẹ lẹ bébà kékeré kan mọ́ iwájú ọkọ̀ tàbí kọ̀ǹpútà. Nígbàkígbà tí ojú yín bá kàn án, ẹ bi ara yín léèrè pé, "Níbo ni eyín mi wà?"

Lẹ́yìn náà, ẹ ki táwẹ́ẹ̀lì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fún un, ẹ fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀bátí fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèṣe tàbí ó wú, yìnyín tí a fi aṣọ wé fún ìṣẹ́jú 10 ló dára jù. Ẹ wá fi ìka ra iṣan náà yípo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ máa la ẹnu díẹ̀díẹ̀, kó má dé ibi tó ti ń dunni.

Nínú oúnjẹ, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, àmàlà àti ọbẹ̀ tó jinná dáadáa á fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ láàyè. Ẹ fi egungun adìẹ, orógbó, kúlíkúlí, àgbàdo sísun àti ṣingọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹni tó ń run orín kó má fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo rún un. Bí ẹ bá fẹ́ yán, ẹ fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n.

Àwọn ìyá wa tó ń fi ìpara olóòórùn títutù ra ẹ̀bátí kò ṣìnà. Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ ní ìlú Kiel, ní Jámánì, dán òróró peppermint wò níwájú orí àti ní ẹ̀bátí àwọn tó ní irú ẹ̀fọ́rí yìí. Ìtura tó mú wá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti paracetamol 1,000 mg dọ́gba. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kan ojú, ẹ má sì fi ra ọmọ ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ gèlè náà ń kọ́? Ohunkóhun tó bá fún orí fún ìgbà pípẹ́ lè fa ẹ̀fọ́rí, irun tí wọ́n dì le koko sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí orí bá máa ń fọ́ yín lẹ́yìn gbogbo òde Sátidé, ẹ dẹ gèlè díẹ̀ kí ẹ tó wá oògùn lọ.

Orúkọ méjì, oògùn kan

Ibí yìí ni ewu tó sún mọ́ wa jù wà. Panadol tí a kó láti ilé àti Tylenol tí a rà ní Maryland, oògùn kan náà ni: paracetamol, tí Amẹ́ríkà ń pè ní acetaminophen. Ẹni tó lo Panadol Extra méjì, tó tún lo Tylenol Extra Strength méjì ní wákàtí kan lẹ́yìn náà, ti gbé 2,000 mg mì. Bó bá tún mu NyQuil, oògùn òtútù, kó tó sùn, acetaminophen mìíràn ló fi lé e. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá 4,000 mg láàárín wákàtí 24, nítorí ẹ̀dọ̀ ló ń forí fá a. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín kó béèrè kó tó lo ibuprofen.

Oògùn pàápàá lè di ẹ̀fọ́rí. Ẹni tí orí sábà máa ń fọ́, tó wá ń lo paracetamol lásán fún ọjọ́ 15 lóṣù, tàbí èyí tí wọ́n pò mọ́ caffeine fún ọjọ́ 10, tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ, lè bọ́ sínú ẹ̀fọ́rí tí oògùn náà fúnra rẹ̀ ń fà.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìtọ́sọ́nà tí ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 gbé eré ìdárayá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìfọwọ́ra àti ìtọ́jú ìrònú àti ìhùwàsí lárugẹ fún ìrora TMD tó ti pẹ́, ó sì kìlọ̀ nípa ìtọ́jú tí kò ṣeé dá padà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fá eyín yín tàbí kó gé nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Ibi tí ilé kò tó

Ẹ pe 911 bí ìrora ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá bá àyà dídùn, òógùn tàbí èémí kúkúrú rìn: ọkàn lè ni. Ẹ pè é bí ẹ̀fọ́rí bá já lu yín lójijì bí ààrá, bí ẹnu bá wọ́, bí apá kan bá rọ, tàbí bí ibà bá wà tí ọrùn sì gan. Aboyún tí orí ń fọ́ gidigidi kó má dúró. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn nígbà tó bá ń jẹun, tí awọ orí ń ro, tí ojú sì ń ṣókùnkùn, kó dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, kí ojú má bàa fọ́.

Prince George's County ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, orí ń fọ́ ọmọ ọdún 12 kan, Deamonte Driver. Eyín tó ti jẹrà ló wà nídìí rẹ̀. Kòkòrò láti inú eyín náà ti dé ọpọlọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, owó ilé ìwòsàn sì ju 250,000 dọ́là lọ. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì. Nǹkan bí 80 dọ́là ni wọn ì bá fi yọ eyín ọ̀hún.

Ikú ọmọ náà ta Amẹ́ríkà jí. Ní ọdún 2009, òfin ìjọba àpapọ̀ sọ ìtọ́jú eyín di dandan nínú ètò ìlera CHIP ti àwọn ọmọdé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023, àwọn àgbàlagbà tó wà lórí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò tó, ní Maryland náà ti lè rí ìtọ́jú eyín gbà lábẹ́ Maryland Healthy Smiles. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní káàdì ètò yẹn nínú àpò, tí kò sì tíì lò ó rí.

Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì sí i, ẹ tú eyín sílẹ̀, ẹ sùn. Bó bá di ọ̀sẹ̀ méjì tí kò gbọ́, tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú kó tó dìgbà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ la ẹnu kí oníṣègùn eyín wo inú rẹ̀.