Ṣé Ẹ Mọ̀ Pé Káàdì Ìlera Náà Ń Fẹ̀yìn Tì?

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fẹ̀yìn tì, káàdì ìlera rẹ̀ lè bá a fẹ̀yìn tì? Orí owó oṣù ni wọ́n kọ́ ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ lé, èyí tí òfin ọdún 1999 gbé kalẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2005. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí agbanisíṣẹ́ san ìdá 10 nínú 100, kí òṣìṣẹ́ san ìdá 5. Owó yẹn ló ń gbọ́ bùkátà ìtọ́jú òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Tí èèyàn bá ti wá pé ọdún 60, tàbí tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ yọ ìdá kankan lára rẹ̀ mọ́? Àsìkò yẹn gan-an sì ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń wọlé dé.

Ẹ dúró díẹ̀ níwájú kẹ́míìsì kan lẹ́bàá títì Ganmo, lójú ọ̀nà tó ti Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Bàbá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kì í ra odindi páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ tó ń tajà á fi sísọ́ọ̀sì gé ẹyọ márùn-ún fún wọn lára káàdì oògùn, ó di ìgbà tí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé kí wọ́n tó ra òmíràn. Nígbà mìíràn, apá tó kù sọ́wọ́ ọlọ́jà ni wọ́n kọ ọjọ́ tí oògùn náà máa bàjẹ́ sí.

Àjàṣẹ́-Ìpo tí mo dárúkọ yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ mọ̀ pé ìlú náà wọ inú ìwé àwọn oníṣègùn àgbáyé nítorí pé adójútòfò ìlera kò dé ibẹ̀? Lọ́dún 2007, ìjọba Kwara, iléeṣẹ́ Hygeia àti àwọn olùrànlọ́wọ́ láti Netherlands bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò ìlera kan fún àwọn àgbẹ̀ ní Shonga. Lọ́dún 2009 ó dé Afon, ní ìjọba ìbílẹ̀ Asa. Owó táṣẹ́rẹ́ lẹnì kọ̀ọ̀kan ń san lọ́dún, ìrànwọ́ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù. Àwọn olùwádìí fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣe èèyàn láǹfààní, ni wọ́n bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Afon àti agbègbè rẹ̀, wọ́n sì wá ìlú tí ètò náà kò dé tí wọ́n á fi wé e. Àjàṣẹ́-Ìpo ni wọ́n mú. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde lọ́dún 2014 nínú ìwé ìròyìn JAMA Internal Medicine: láàárín nǹkan bí ọdún méjì, ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tí ètò wà lágbègbè wọn fi ohun tó lé ní ìwọ̀n 10 wálẹ̀, ti Àjàṣẹ́-Ìpo kò ju bí ìwọ̀n 5 lọ. Ẹni tó bá mọ ohun tí àrùn rọpárọsẹ̀ ń ṣe nínú ilé á mọ̀ pé ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Èmi ò lè ka ìwé náà kí inú mi dùn tán. Àìní àwọn ará Àjàṣẹ́-Ìpo ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Afon náà kò kúkú gbádùn rẹ̀ títí: ètò ọ̀hún kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 2016. Iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, Kwara State Health Insurance Agency, ló wà níbẹ̀ báyìí, ẹni tí kò gba owó oṣù sì lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Káàdì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ pàápàá ní ihò lára. Ti ìjọba àpapọ̀ á jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò, kò ní ra awò. Ìdá 10 nínú 100 owó oògùn, àpò aláìsàn ló ti ń jáde. Ẹni tó bá ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì, ìsinsìnyí ló yẹ kó lọ ṣe gbogbo àyẹ̀wò tó ń sún síwájú. Ní ti kíndìnrín, ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 pé iye tí wọ́n ń gbà láti fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti kúrò ní ₦50,000, ó di ₦12,000, láwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan. UCH Ìbàdàn wà lára wọn. Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ á ṣì máa wá ₦36,000 lọ́sẹ̀ kan, ká má tíì sọ owó mọ́tò láti Ganmo.

Ṣé ẹ rò pé òkè òkun ló sàn? Ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1965 ni Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin Medicare, adójútòfò ìlera àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà, ní ìlú Independence, Harry Truman, ààrẹ àná tó jẹ́ ẹni ọdún 81, sì gba káàdì àkọ́kọ́. Títí dòní, Medicare ìpilẹ̀ kì í sábà ra awò, eyín oníke tàbí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Èyí tó kan àwa jù ni pé kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sanwó ìtọ́jú kankan lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Ọmọ Ganmo tó fẹ̀yìn tì ní Houston tó wá ń gbé ilé tó kọ́ sílé, ìwé lásán ni káàdì yẹn lápò rẹ̀. Àwọn kan ra adójútòfò àfikún tí wọ́n ń pè ní Medigap. Òmíràn nínú rẹ̀ ń sanwó ìtọ́jú pàjáwìrì nílẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ọjọ́ 60 àkọ́kọ́ ìrìn àjò nìkan. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò yàtọ̀: ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, wà fún.

Gánà ló yà mí lẹ́nu jù. Láti ìgbà òfin wọn ọdún 2003, ẹni tó bá ti pé ọdún 70 kì í san owó adójútòfò ọdọọdún mọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ àjọ SSNIT. Owó orí ọjà wà lára ohun tó ń gbé ètò náà ró, nítorí náà ẹni tó ń ra ọjà l'Ákírà lónìí ń dá sí ìtọ́jú àgbàlagbà.

Òfin tiwa náà ti yí padà. Èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ó sì ka àwọn arúgbó mọ́ àwọn tí ó yẹ kí ìjọba ràn lọ́wọ́. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wọ́ọ̀dù yín bóyá wọ́n ń kọ orúkọ.

Ọ̀nà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò gbọ́ rí: ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lè san owó àfikún kí orúkọ bàbá tàbí ìyá rẹ̀ wọ abẹ́ káàdì tirẹ̀. Ẹ ní kó béèrè níbi iṣẹ́, kó tó fi owó oògùn oṣù tó ń bọ̀ ránṣẹ́.