Etí àti Ọwọ́ Iná Ìkòríta

Bí a bá dé ìkòríta, iná pupa ni gbogbo wa ń gbójú sókè wò. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń wo àpótí irin tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ ká ṣí irú èyí tí ọ̀pọ̀ ìlú ń lò ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń ṣe ní ìlànà NEMA TS2, èyí tó jáde ní ọdún 1992.

Kọ̀ǹpútà kan wà nínú rẹ̀. Òun ló ń ka àkókò, òun ló ń pinnu ẹni tí yóò kọjá. Ṣùgbọ́n kò lójú tí yóò fi rí mọ́tò, kò sì lọ́wọ́ tí yóò fi tan iná. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Fóltì 24 ni kọ̀ǹpútà fi ń pàṣẹ. Kò lè tan gílóòbù tó ń jẹ fóltì 120. Bí fóltì 120 bá sì ṣèèṣì ya wọ inú kọ̀ǹpútà, ó jóná nìyẹn. Àwọn káàdì tó wà láàárín ló ń bá àwọn méjèèjì ṣe é: àwọn kan ń gbé ìròyìn wọlé, àwọn kan ń gbé àṣẹ jáde.

Orí títì ni ìròyìn ti ń wá. Wọ́n á la ọ̀dà, wọ́n á ká wáyà yípo sínú rẹ̀, ìbú àti gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6. Iná fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ wà nínú wáyà náà. Bí mọ́tò bá dúró lé e, irin ara rẹ̀ á mú kí àlọ àti àbọ̀ iná náà yá sí i. Káàdì tó ń ṣọ́ wáyà á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnì kan ti dé. Bọ́tìnnì tí ẹlẹ́sẹ̀ ń tẹ̀ náà, ọ̀nà ìròyìn ni.

Báwo ni ìròyìn ṣe ń wọlé láìmú ewu dání? Nínú káàdì, iná bíńtín kan dojú kọ ojú kékeré kan tó ń rí ìmọ́lẹ̀. Bí ìròyìn bá dé, iná á tàn, ojú á rí i, á sì sọ fún kọ̀ǹpútà. Kò sí wáyà tó so wọ́n pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kọjá.

Tó bá kan àṣẹ, àwọn swíìṣì ló ń gbà á. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mójú tó pupa, yẹ́lò àti gíríìnì ìhà kan. Fóltì 24 á pàṣẹ, swíìṣì á ṣílẹ̀kùn fún 120. Kò sí irin tó ń lanu tó ń padé nínú rẹ̀, nítorí náà kì í jẹ bíi ti àtijọ́.

Síbẹ̀, swíìṣì lè bàjẹ́, kí gíríìnì má kú mọ́ nígbà tí ìhà kejì náà ti gba gíríìnì. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kan tó ń ṣe olùṣọ́ fi wà nínú àpótí náà. Olùṣọ́ yìí kì í gba ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà gbọ́ lásán: wáyà gílóòbù fúnra rẹ̀ ló ń wò. Káàdì kan nínú rẹ̀ ń sọ àwọn gíríìnì tó lè jọ tàn. Bí àwọn tí kò gbọdọ̀ pàdé bá jọ tàn fún àkókò tí kò tó ìdá 200 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní dá sí i. Olùṣọ́ tó ń fi gbogbo ìgbà ké ìbòòsí, kò sẹ́ni tí yóò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bó bá tó 450, ó di dandan kó gba àkóso kúrò lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú: pupa níbi gbogbo, tàbí yẹ́lò fún ọ̀nà ńlá àti pupa fún èyí tó kéré. Bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí onímọ̀ ẹ̀rọ yóò fi dé.

Ẹni tí a bá rán lọ ra iná ìkòríta fún ìlú wa, kó má bèèrè nípa ọpọlọ kọ̀ǹpútà nìkan. Kó bèèrè ẹni tó ń wò ó bóyá ọwọ́ ṣe ohun tí orí rán an.